Ìbọn Tó Kù Nílé Alágbẹ̀dẹ

Nígbà tí ogun ti dó ti ìlú náà fún oṣù mẹ́rin gbáko, àwọn ará inú odi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ara wọn ju ọ̀tá lọ. Kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ dán wa wò. Igi ìdáná ti di góòlù, omi kànga ti ń rùn, oorun ò kun ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nídìí kànga ọ̀hún, ọkùnrin méjì tí wọ́n ti jọ ń lo ògiri kan náà láti ogún ọdún tahùn síra wọn nítorí garawa omi. Ọ̀kan sá wọlé, ó gbé ìbọn jáde, ó yìn ín lu èkejì láyà. Kí wọ́n tó gbé òkú náà kúrò nílẹ̀, ẹlòmíì ti gbé garawa lọ.

Ìyẹn ló mú kí Olórí Ogun pe ìgbìmọ̀ pàjáwìrì.

Ilé ìkẹ́rù ńlá tó wà lẹ́bàá ẹnubodè ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Àwọn àgbà jókòó sórí àpótí, àwọn balógun fẹ̀yìn ti àpò ìyẹ̀fun tó ti rọ̀ kalẹ̀ nítorí pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Alágbẹ̀dẹ ìbọn, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ọwọ́-ò-dilẹ̀, jókòó sítòsí ilẹ̀kùn, torí eruku èédú tó wà lára aṣọ rẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní ọmọ ogójì ọdún. Tí èèyàn bá ka ìbọn mẹ́wàá nílùú, méje nínú wọn ni òun fúnra rẹ̀ rọ.

Olórí Ogun kì í pariwo. Ọkùnrin gíga kan ni, tó máa ń wo ilẹ̀ tó bá ń sọ̀rọ̀, tí àwọn tó jókòó á sì máa nà wá síwájú kí wọ́n lè gbọ́ ọ.

"Lórí odi," ó ní, "ọmọ ogun mẹ́ta ló ń pín ìbọn kan lò. Nílé, àwọn èèyàn ń fi tiwọn pa aládùúgbò. Mi ò lè máa bá ogun méjì jà. Láti ọ̀la, kí gbogbo ìbọn ilé wá síbí. Èyí tó bá dáa jù á lọ sórí odi. Ẹtù wa ò ní tó èyí tó kù, nítorí náà, ẹ yọ irin ìṣáná kúrò lára wọn, ẹ kó irin sínú apẹ̀rẹ̀, kí ẹ to ìbọn jọ síbòmíì. Ẹni tó bá wá jí i, igi lásán ló jí."

Irin ìṣáná ni irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, tó máa ń di òkúta mú, tó sì máa ń gbá òkúta náà mọ́ irin kí iná lè ta sára ẹtù. Láìsí i, ìbọn ò lè pa eṣinṣin.

Alágbẹ̀dẹ rí ewu tó wà níbẹ̀. Ẹlòmíì ò lè mọ̀, torí iṣẹ́ ọwọ́ ni. Kì í ṣe inú ohun ìdàrin kan náà ni òun ti ń da irin wọ̀nyẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni òun ń fi ayùn yún títí tó fi máa wọ ara ìbọn tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Ihò ìṣó ti èyí sún sókè díẹ̀, ti ìyẹn sún sílẹ̀ díẹ̀. Tí wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan láìsàmì sí wọn, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni èèyàn máa fi wá èyí tó ni èyí. Ó nawọ́ sókè.

"Olórí Ogun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tá a bá máa yọ wọ́n, ó yẹ ká sàmì sí wọn. Àmì kan náà lára irin àti lára ìbọn."

"Ọjọ́ mélòó nìyẹn máa gbà?"

"Márùn-ún. Bóyá mẹ́rin, tí mi ò bá sùn."

"Ọ̀túnla ni mo ń kógun jáde." Olórí Ogun gbójú sókè, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àfi tó o bá fẹ́ gbé tìẹ wá lọ́la ṣíwájú gbogbo èèyàn, kí wọ́n rí i pé kò sẹ́ni tí àṣẹ yìí yọ sílẹ̀. Tọ́wọ́ ẹ bá wá ti ṣófo bíi tiwọn, màá dá ogun dúró kó o lè ráyè sàmì. Àbí kí lo wí?"

Ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀ gan-an nìyẹn. Ìbọn kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn alágbẹ̀dẹ, tó rọ fún ara rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n bí àkọ́bí rẹ̀. Ó ti fetí kó o pé wọ́n máa gba ìbọn, ìdí gan-an tó fi wá sípàdé lọ́jọ́ náà nìyẹn, pé kí òun bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi tòun sílẹ̀ fún òun. Ó wo àwọn balógun, wọ́n ń wo òun náà.

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀," ó ní. "Irin ni ọ̀tá ń wá. Tí wọ́n bá fi lè wọlé, ilé àrọ mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà sí. Ọmọbìnrin méjì àti ìyá wọn ló wà nílé. Ẹ fojú àánú wò mí."

"Tá a bá gbà fún ẹ, ṣé wàá bá wa yọ irin àwọn yòókù?"

"Màá yọ ọ́."

"Láìtún dá ọ̀rọ̀ àmì yìí sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Búra."

"Mo fi ẹ̀mí àwọn ọmọ mi búra. Ọlọ́run ń gbọ́."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Nígbà tó ń darí bọ̀ wálé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó gbọ́ àdúrà òun. Kò sì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá Ọlọ́run ló gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn tò láti ẹnu ilé ìkẹ́rù títí dé ìdí kànga. Olórí Ogun ti pàṣẹ pé kí akọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ìdí tó fi ní ìbọn nílé, kí inú wọn lè rọ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá ti rojọ́. Alágbẹ̀dẹ jókòó sórí àpótí nídìí tábìlì, apẹ̀rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

Káfíńtà àgbà ló kọ́kọ́ dé. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ò ká mọ́," ó ní. "Ẹ̀yin á sá. Èmi, ibi tí wọ́n bá bá mi náà ni mo wà. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni oníyọ̀ tẹ̀ lé e. "Ìyàwó méjì ni mo ní. Nínú ilé yẹn, ìbọn yìí nìkan ni ò tíì bú mi rí."

"Ṣé ó ti yìn ẹ́ rí?" ni ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn.

"Ìyàwó kékeré ni mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún!" Gbogbo àwọn tó tò bú sẹ́rìn-ín, akọ̀wé pàápàá gbàgbé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí irin ìṣáná rẹ̀ bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín parẹ́ lẹ́nu oníyọ̀. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bọ́ ṣòkòtò nídìí rẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóko sọ pé, "Mi ò mọ̀ ọ́n yìn. Mo kàn máa ń wò ó lára ògiri, mo sì máa ń rí oorun sùn." Akọ̀wé ò mọ bó ṣe máa kọ ìyẹn. Ó kọ ọ́ pé: oorun.

Ó ti tó ìyálẹ̀ta nígbà tí agbẹ̀bí ìlú dé iwájú tábìlì. Ẹ̀gbọ́n alágbẹ̀dẹ ni, ọmọ ìyá kan náà, òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Kò sí ilé tí wọn kì í kí i ládùúgbò yẹn, torí kò sí ilé tí kò ti gbẹ̀bí. Ìbọn tó gbé dání kúrú. Alágbẹ̀dẹ ló gé ẹnu rẹ̀ kúrú fún un, torí apá òsì rẹ̀ kò gbé nǹkan wúwo mọ́.

"Ìyá, kí nìdí tẹ́ ẹ fi ní in?" akọ̀wé béèrè.

"Àbúrò mi tó jókòó yẹn mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í."

Alágbẹ̀dẹ ò gbójú kúrò lára ìṣó tó ń tú.

"Ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́, ìyá," ni akọ̀wé wí.

"Ó dáa. Wọ́n máa ń wá kanlẹ̀kùn mi nígbàkigbà. Ìyá ọmọ ń rọbí, mo gbọ́dọ̀ dìde. Èmi àti àpò mi nìkan ni."

Olórí Ogun, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, dá sí i. "A ó fún yín ní ẹ̀ṣọ́ méjì, Ìyá. Kẹ́ ẹ máa fọkàn balẹ̀ rìn."

"Ẹ̀ṣọ́ méjì ló wà pẹ̀lú mi lọ́jọ́sí. Àwọn ló tà mí."

Akọ̀wé gbé gègé rẹ̀ kalẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi wà lókùn," agbẹ̀bí ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ ò yí padà, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọjà. "Wọ́n fa apá mi yìí títí ó fi yẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ sá. Ìgbà kejì, mo sá dé. Mo ní kí àbúrò mi rọ èyí tí mo lè gbé fún mi. Mi ò fẹ́ pa ẹnì kankan. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹni tó bá tún fẹ́ fọwọ́ kan mi mọ̀ pé òun náà lè kú síbẹ̀. Ṣé mo béèrè jù ni?"

"Ẹ ò béèrè jù," ni Olórí Ogun dáhùn. "Ṣùgbọ́n tí mo bá yọ̀ǹda fún yín, gbogbo àwọn tó tò yìí ló máa yí padà sílé."

"Ta lẹ ti yọ̀ǹda fún?"

Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ dúró lórí ìṣó. Olórí Ogun ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Kò sẹ́nì kankan," ó ní.

Agbẹ̀bí gbé ìbọn rẹ̀ kalẹ̀ síwájú àbúrò rẹ̀. "Tú u. Ìwọ lo mọ ibi tí ìṣó rẹ̀ wà."

Ó tú u. Òróró tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń nu irin náà ṣì wà lára rẹ̀. Ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, ó dún gbọ̀n lórí àwọn yòókù. Agbẹ̀bí tẹ orí sí etí rẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù.

"Tìẹ ńkọ́, àbúrò?"

"Ó ti wà lórí odi."

Obìnrin náà fọwọ́ lé e léjìká. "Kí Ọlọ́run máa bá mi ṣọ́ ẹ, ìwọ àtàwọn ọmọ," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ àdúrà yẹn ló wọ̀ ọ́ lára ju èébú lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ilẹ̀ mọ́ tán kí ogun tó jáde ní ẹnubodè ìlà-oòrùn. Akígbe ń kì wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá: "Ọmọ a-yan-ní-gbangba-kí-ọ̀tá-wọ̀gbẹ́! Ọmọ a-rìn-lówùúrọ̀-kí-wọ́n-sunkún-lálẹ́! Ẹ máa lọ o, ẹ máa bọ̀ o!" Àwọn obìnrin jókòó sórí odi láti wò wọ́n. Ìpinnu Olórí Ogun ni pé kí òun já wọ ibùdó ọ̀tá kí òun sun oúnjẹ wọn. Ibùdó náà ṣófo nígbà tí wọ́n débẹ̀. Iná tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣì ń rú èéfín.

Ẹnubodè ìwọ̀-oòrùn ni àwọn ọ̀tá wà. Bí àwọn aṣọ́bodè ṣe ṣí i fún àwọn tó fẹ́ lọ ṣẹ́gi, ọ̀tá dà wọlé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìkẹ́rù, alágbẹ̀dẹ ò sí níbẹ̀, ẹnu àwọn tó yè ló ti gbọ́ ọ. Àwọn èèyàn já ilẹ̀kùn wọlé, wọ́n da apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú. Èyí ò wọ ihò ìṣó, ìyẹn wọ̀ ṣùgbọ́n kò kan irin. Oníyọ̀ ń sunkún, ó ń fi òkúta lu irin kó lè wọlé. Wọ́n ní káfíńtà àgbà jókòó sílẹ̀, ó ń dán wọn wò níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣe ilẹ̀kùn fún oníbàárà. Ó ti dán ìkọkànlá wò nígbà tí ọ̀tá bá a níbẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ìbọn wà léjìká rẹ̀, ẹtù àti ọta ti wà nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjèèjì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní yàrá. Òpópó náà ò gùn. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ìkẹta lódìkejì. Ó gbọ́ tí àwọn ọ̀tá tàpá sí ilẹ̀kùn ilé náà.

Ọkùnrin mẹ́ta ló mú agbẹ̀bí jáde. Ó mú àlùmọ́gàjí tó fi ń gé ìwọ́ ọmọ dání, ó ti gún ọ̀kan nínú wọn létí, ẹ̀jẹ̀ bo ọrùn onítọ̀hún. Wọ́n gba àlùmọ́gàjí náà, wọ́n gbé e lulẹ̀, èyí tí etí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn.

Alágbẹ̀dẹ na ìbọn jáde láàárín ilẹ̀kùn. Ibi tí wọ́n wà ò tó ogójì ìṣísẹ̀. Kò lè tàsé. Ó nà án sí èyí tó ń tú okùn, sí àárín ẹ̀yìn rẹ̀. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ọta kan ni. Mẹ́ta ni wọ́n. Kó tó da ẹtù míì sí i, kó tó ki ọta, kó tó fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́, àwọn méjì yòókù á ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n á wá mọ̀ pé ilé rèé, pé èèyàn wà nínú rẹ̀, pé obìnrin wà nínú rẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé, ṣebí ìdí tí mo fi bẹ̀bẹ̀ fún un nìyí, nítorí àwọn tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ó rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Mẹ́ta náà ni wọ́n. Ìka rẹ̀ wà níbi tó wà.

Wọ́n gbé agbẹ̀bí dìde, okùn ti wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ré òpópó kọjá, ó sì bá ojú àbúrò rẹ̀ pàdé láàárín ilẹ̀kùn. Ó rí i. Ó rí ẹnu ìbọn náà pẹ̀lú, ó wò ó dáadáa. Ẹnu rẹ̀ là, alágbẹ̀dẹ sì rò pé ó fẹ́ pe òun. Ká ní ó pè é ni, bóyá ìka náà ì bá gbọ́.

Agbẹ̀bí pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó yí ojú sí ọ̀nà ibòmíì, kánkán, kí àwọn tó mú un má baà tẹ̀ lé ojú rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà àbúrò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fà á lọ. Ẹrù wọn ti pé, ọwọ́ wọn ti kún. Wọn ò wo ilé alágbẹ̀dẹ rárá.

Nígbà tí ogun ìlú fi máa sáré padà dé, ọ̀tá ti jáde. Wọ́n kó èèyàn tó kún òpópó méjì lọ. Àwọn tó kù pé jọ síwájú ilé ìkẹ́rù, irin ìṣáná ká ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì ń bèèrè orí ẹni tó pàṣẹ kí wọ́n yọ wọ́n. Alágbẹ̀dẹ la àárín wọn kọjá, ó fa Olórí Ogun lápá wọ inú ilé.

"Mo fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé irin wọ̀nyẹn ò ní bára mu. Mo mọ̀, mo dákẹ́. Ìbọn sì wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń wo ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò yìn ín."

Olórí Ogun wo ilẹ̀ títí. Eruku ọ̀nà ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Gbọ́," ó ní. "Tó o bá sọ èyí níta, wọ́n á sọ ẹ́ lókùúta pa, ìyàwó ẹ á máa wò ẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á yíjú sí mi. Lálẹ́ òní, kò ní sẹ́ni tó máa wà lórí odi. Ṣé ohun tó o fẹ́ fún àwọn tó kù nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ti lọ."

Ó jáde sí wọn. Alágbẹ̀dẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn tí gbogbo èèyàn máa ń nà sí. Ó ní òun ló ṣàṣìṣe, ẹ forí jì òun. Ó ní òun ti rí i báyìí pé olúkúlùkù ló yẹ kó ní ohun tó máa fi gba ara rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Ó ní kí ẹ̀rí rẹ̀ má bàa jìnnà, ẹ wo Ọwọ́-ò-dilẹ̀. Òun nìkan ni wọ́n fi ìbọn sílẹ̀ fún, ilé rẹ̀ nìkan ni ọ̀tá ò lè wọ̀ ní òpópó yẹn. Ọkùnrin kan ṣoṣo pẹ̀lú ìbọn kan ṣoṣo. Kí gbogbo yín wá gba tiyín padà, Ọwọ́-ò-dilẹ̀ fúnra rẹ̀ á bá yín wá irin tó wọ̀ ọ́.

Ẹnì kan láàárín èrò kígbe orúkọ alágbẹ̀dẹ.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ti fọ ojú àwọn ọmọ, ó ń gbá yàrá. Kò bi í ní nǹkan kan. Láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti gbọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lóde, ó sì mọ ohun tí òun ò gbọ́: ìró ìbọn ọkọ òun. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lóde. Akígbe ló ṣíwájú, àwọn èèyàn tẹ̀ lé e, oníyọ̀ wà láàárín wọn, ó fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀ tó fi òkúta lù.

"Ọwọ́-ò-dilẹ̀! A-gbẹ́nu-ọ̀nà-ró-bí-òpó! A-dá-nìkan-dúró-kógun-ó-yà! Ọkọ ìyàwó rẹ̀, baba ọmọ rẹ̀, ààbò ẹbí rẹ̀! Jáde ká rí ẹ o!"

Alágbẹ̀dẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ bo etí. Wọ́n tún un kì. Ìyàwó rẹ̀ dá ìgbálẹ̀ dúró.

"Bàbá wọn," ó ní, kò wo ojú rẹ̀, "ìwọ ni wọ́n ń pè. Dá wọn lóhùn, kí wọ́n lè máa lọ."

Ó dìde. Ó ṣílẹ̀kùn gbayawu. Gbogbo wọn kẹ́yìn sí ilé kẹta lódìkejì, wọ́n kọjú sí i, ojú wọn ń dán fún ìrètí.

"Èmi rèé o," ó ní.